Bí Mo Ṣe Túmọ̀ "Feeble" Níwájú Ìjọ

Bàbá mi, ògbufọ̀ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Èmi ọmọ yín yìí, tí ẹ máa ń bẹ̀ pé kó gbóhùn sókè kí eṣinṣin inú ilé lè gbọ́ tiẹ̀, mo gba gbohùngbohùn níwájú gbogbo ìjọ ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo sì ṣe ògbufọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Láti ìgbà tí ẹ ti papò dà, iṣẹ́ ògbufọ̀ yín ti di ti ẹni tó bá ráyè. Bùrọ́dà tó ń ṣe é kó lọ sí Bàrúwà lóṣù tó kọjá. Làwọn alàgbà bá ń sọ pé ta ni ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní Ègbédá, kí wọ́n kúkú yọ ògbufọ̀ kúrò kí ìsìn lè tètè parí. Inú bí màmá mi. Wọ́n ní ṣé káwọn ìyá àgbà wá máa jókòó bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ ni? Alága ìjọ ní ó dáa: tí a bá rí ẹni ṣe é dáadáa ní Sọ́ńdè, ògbufọ̀ á dúró. Tí a ò bá rí, ó parí nìyẹn. Màmá mi bá nawọ́ sí mi.

Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

"Ọ̀fun wo? Èyí tó gbé ẹ̀bà mì láàárọ̀ yìí?"

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́ mi ní feeble? Ẹ ní kò mọ sára èèyàn nìkan. Iná àtùpà tí epo ẹ̀ ń tán lọ, feeble ni. Ohùn tí ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tini, feeble ni. Àwáwí tí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, feeble náà ni. Ká ní ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo dárúkọ ọ̀fun, ẹ̀ bá ti fi pẹ́ńsùlù fàlà sí i nídìí.

Ẹ tún ní ògbufọ̀ tó bá kàn ń fi ọ̀rọ̀ kan pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan, kò tíì ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí n wá ohun tí ojú àwọn tó ń gbọ́ mi ti rí rí.

Àlejò ni oníwàásù, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin nìkan ló gbọ́. Mo wọ sùtánà mi, ilẹ̀ sì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ ń lọ geere, àfi ìgbà tó ní Ọlọ́run kì í ju ẹni tó bá jẹ́ feeble nù. "Aláìlera" ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ìyẹn á kàn jọ ẹni tó ń ṣàìsàn ni, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Alága ń wò mí. Ni mo bá fojú inú rí yín lórí àga yín lẹ́bàá fèrèsé, lóṣù tí ẹ lò kẹ́yìn.

Mo ní: "Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, tí tíì ń dà nù kó tó dé ẹnu, síbẹ̀ tí ò gbé ife sílẹ̀, Ọlọ́run ò ní jù ú nù."

Àwọn ìyá àgbà hó yèè.

"Bàbá ẹ nìyẹn!"

Ìyá Débórà, tó dàgbà jù nínú wọn, na ọ̀pá ẹ̀ sókè. "Èmi náà nìyẹn o! Tèmi tiẹ̀ ń dà sáyà!"

Oníwàásù yíjú sí mi. "Sister, na one word I talk o!"

"Ẹ máa wàásù yín lọ jàre," ni Ìyá Débórà wí, "ó ti yé wa."

Bàbá, alága fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ògbufọ̀ dúró, orúkọ mi ló sì wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ délé, màmá mi ní kí awakọ̀ máa wà á jẹ́jẹ́, pé ògbufọ̀ ló gbé.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ìjọ ṣá. Lọ́jọ́ kan lóṣù tí ẹ lò kẹ́yìn yẹn, mo gba ife náà lọ́wọ́ yín. Aṣọ àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni mo ń rò. Mo fi ṣíbí bu tíì sí yín lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ẹ mu ún, ẹ kàn ń wo ìta. Ṣé ó dùn yín? Àbí èmi ni mo sọ yín di feeble lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àìsàn?

Ọwọ́ màmá mi náà ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé tíì wọn. Mo fi ìdí jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì kí n má bàa gba ife lọ́wọ́ wọn. Díẹ̀ dà sórí tábìlì, díẹ̀ dà sí ìró wọn. Ó pẹ́ lójú mi. Ó dé ẹnu wọn. Wọ́n gbé e mì, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣúgà ò tó.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí eṣinṣin inú ilé ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀ báyìí.