Ẹ Tún Etí Òrùlé Mi Wọ̀n Kí Ayùn Tó Kàn Án

Ilé Pyo, Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin,
Abúlé Dolgol,
Gyeongsang Àríwá.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kejì, 2023.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Àbójútó Ojú Irin,
Ìlú Hwajeon.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

ÌWÉ ÀṢẸ TÍ Ẹ FI NÍ KÍ N GÉ ETÍ ÒRÙLÉ ILÉ MI

1. Èmi ni Pyo Mal-sun, alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní Dolgol. Ẹ mọ̀ pé èso gam ni iṣẹ́ wa. Bí a bá ti ká a, a óò bó o, a óò fi okùn so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé, atẹ́gùn òtútù yóò sì fà á gbẹ títí yóò fi di gotgam. Ilé wa kọjú sí ojú irin nítorí pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wá. Ta ló ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ fún àwọn baba ńlá rẹ̀ tó ti kú lọ́jọ́ Seollal, ọdún tuntun, tí kò ní fẹ́ gotgam Dolgol lórí rẹ̀? N kò yangàn lásán. Ẹ bi àwọn ará Hwajeon.

2. Ní oṣù kọkànlá, ọkọ̀ yín tó ń fi ìtànṣán lésà wọn ààyè kọjá níwájú ilé mi. Mo mọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń wò ó bóyá ohunkóhun sún mọ́ ojú irin débi tí ọkọ̀ lè fi gbá a. N kò bá a jà. Òun ló rí àpáta tó ń yọ jáde nídìí òkè wa kí ojú ẹnikẹ́ni tó rí i, àwa tí à ń wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà sì dúpẹ́.

3. Lẹ́yìn Seollal ni ìwé yín dé: etí òrùlé mi ti wọ inú ààyè ọkọ̀, kí n gé e kí oṣù yìí tó parí, lówó ara mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n tún un kà sí òun létí. Ó ní, "Òrùlé tí mo bá nílé ọkọ, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn?"

4. Mo wá sí ọ́fíìsì yín. Ọ̀gbẹ́ni Tak, ẹnjiníà yín, gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi àwòrán tí lésà yà hàn mí. Mo rí ògiri kan tó dúró gbọn-in láàárín ilé mi àti ojú irin. Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ògiri yìí fún mi?" Ó wò ó títí. Ó ní, "Màmá, kí lẹ so síbẹ̀?" Mo ní gam ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ ti so ó há jù, Màmá! Ìtànṣán ò ríbi gbà kọjá." Mo ní bí a ṣe ń so ó ní Dolgol nìyẹn, ẹni tí okùn rẹ̀ bá ṣe jánganjàngan, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò láṣẹ láti fagi lé ohun tí ẹ̀rọ ti kọ sílẹ̀, àfi tí ọ̀gá òun bá ní kí wọ́n tún un wọ̀n.

5. Èso pọ̀ lọ́dún tó kọjá, mo sì fi ọ̀pá oparun kan kún etí òrùlé. Ọ̀pá yẹn ló gbé gam sún mọ́ ojú irin, tí ẹ̀rọ yín fi kà á mọ́ etí òrùlé. Mo ti yọ ọ́, kò sì ní padà síbẹ̀. Etí òrùlé gan-an kò kúrò níbi tó wà. Bí mo bá gé e, òjò yóò máa pa èso, gbogbo rẹ̀ yóò bu, iṣẹ́ ilé wa parí nìyẹn.

6. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ro ìnáwó rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tak sọ pé ọkọ̀ náà ń padà bọ̀ lóṣù kẹta láti wọn ihò abẹ́ òkè tó wà níwájú wa. Iwájú ilé mi náà ni yóò gbà. Kí wọ́n ṣáà má pa lésà rẹ̀ bó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Kò ní ná yín ní owó won kan ṣoṣo.

7. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá àṣẹ náà dúró di ìgbà yẹn. Bí lésà bá tún fi hàn pé etí òrùlé mi wà lọ́nà ọkọ̀, èmi fúnra mi ni n ó di àkàbà mú fún káfíńtà. Ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ sí i pé ilé mi ló dí yín lọ́nà. Ohun tó dí yín lọ́nà ti lọ sórí tábìlì àwọn baba ńlá káàkiri ẹkùn yìí, ó sì ṣeé ṣe kí tábìlì ilé tiyín wà lára wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ọkọ̀ yín,

Pyo Mal-sun (Ìyáàfin)
Alága, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abúlé Dolgol