Ẹnu Tó Kún fún Píìnì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo ti yọ àwọn ọmọ mi kúrò nílé ìwé. Ó tán. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà — àkọ́bí mi, tó ń ṣe bí arúgbó — padà sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún márùn-ún torí kò mọ̀wé kà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Kíláàsì àbúrò rẹ̀, Ẹlẹ́jọ́. Irú ẹ̀sín wo nìyẹn? Mo ní n ó kọ́ wọn fúnra mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi. Bàbá wọn gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Tíṣà, ní àwọn á wá dán Ìyá Àgbà wò níparí oṣù. Bí kò bá lè kàwé, á bá Àǹtí lọ nìyẹn, á lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ètò ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà níwájú mi. Orí ń fọ́ mi. Ti orí fóònù: ọkùnrin kan ń jó, ó ń pe lẹ́tà. Ẹlẹ́jọ́ bá a jó. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyí?" Èyí tó nípọn bí ìrọ̀rí: ojú ewé àkọ́kọ́ ní kí òbí kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀. Mo pa á dé. Níbo ni n ó ti rí ìyẹn? Ẹ̀kẹta, oní-dò-re-mí: kí ọmọ fi ohùn mọ ọ̀rọ̀ kó tó mọ lẹ́tà. Ìyẹn ni mo mú. Ìyá Àgbà fẹ́ràn orin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Òfo. Ó ń wo ìwé bí ẹni ń wo ògiri.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ó kàwé! Mo ń ká etí aṣọ oníbàárà, píìnì kún ẹnu mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀. Mo fi imú kùn ún: re-mí-dò, re-mí. Kíá, ó ní, "Ológbò wọlé!" Díẹ̀ ló kù kí n gbé píìnì mì.

Ọjọ́rú, 19
Ìwé ti ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má wulẹ̀ bẹ̀rù Àǹtí mọ́. Mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo gbé. Ẹlẹ́jọ́ ló tú àṣírí: "Mọ́mì, Ìyá Àgbà kì í wo ìwé o, imú yín ló ń gbọ́." Mo bá a wí. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ "Bàbá ra bàtà" sí, mo wá kùn re-mí-dò, re-mí. Ìyá Àgbà gbóhùn sókè: "Ológbò wọlé!" Ó tún ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè sọ fún un. Mo pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
Àǹtí Tíṣà dé. Wọn ò ṣe ìkà, wọn ò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n kàn kọ "Ológbò wọlé" sórí pépà — àní èyí tó mọ̀ jù! — wọ́n ní kí n má ṣe sọ nǹkan kan. Ìyá Àgbà wo pépà. Ó wò mí. Ó dìde, ó gbé ike píìnì wá, ó fi lé mi lọ́wọ́.
"Mọ́mì, ẹ kó wọn sẹ́nu."
Kò yé Àǹtí. Kò yé bàbá wọn. Èmi ni mo bú sẹ́kún. Àǹtí ti di ẹrù Ìyá Àgbà, wọ́n mú un lọ.

Ọjọ́ Ajé, 31
Iṣẹ́ oníbàárà ò dúró deni. Mo kó píìnì sẹ́nu. N ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹlẹ́jọ́ gbójú sókè.
"Mọ́mì, ta lẹ ń kùn fún?"