Èsì Ìbò Tí Bàbá Mi Kò Dúró Gbọ́

Bàbá mi, Alhaji oníìrẹsì àdúgbò Tudu ní Accra,

Èsì ìbò Táílándì ti yanjú pátápátá. Ó pẹ́ o. Wọ́n ti ka ìbò tán kí a tó ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ yín, ṣùgbọ́n oṣù bíi mẹ́ta ni wọ́n tún fi jiyàn lórí ẹni tí yóò jókòó. Ta ni mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn ọmọ mi rò pé orí mi ti ń dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yin tí ẹ kò rìn ju Mẹ́kà lọ, tí ẹ ń pe àwọn ará Táílándì ní àwọn àgbẹ̀ wa, nítorí pé ìrẹsì wọn ló kún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa ń fi ọwọ́ pa lẹ́tà wọn tó rí bí ìwọ̀ ẹja lára àpò, ẹ ó ní ẹni tó ń bọ́ni, ó yẹ ká mọ ẹni tó ń jọba lé e lórí. Bí ìbò wọn bá dé, rédíò kì í sinmi. Ẹ mọ gbogbo ẹgbẹ́ wọn; èmi á ní kí ẹ jẹ́ ká gbọ́ bọ́ọ̀lù.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo tó rò ó dáadáa. Ọgọ́ta ọdún ní Accra, ẹ kò dìbò rí. Níbí, Alata ni yín, àlejò láti Nàìjíríà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ará Gánà ni wọ́n ń pè yín. Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi yá ìbò àwọn ẹlòmíràn? Kí ló dé tí n kò bi yín, èmi tó fi gbogbo ayé mi bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè?

Lọ́jọ́ tí mo rí yín kẹ́yìn, mo gbé kókò, ẹ̀kọ mímu ará ibí, àti kóóse tó jẹ́ àkàrà wọn, wá sí ọsibítù. Ẹ la ojú díẹ̀.

“Ta ló wọlé?”

“Èmi ni, Bàbá. Mo gbé kókò wá.”

Ẹ wò mí, ẹ rọra mi orí, ẹ di ojú. Mo rò pé inú yín dùn pé mo dé. Ọjọ́ kejì, ẹ lọ. Nígbà fìdáù, bí alága ẹgbẹ́ ìlú wa ti ń fi wákàtí kan yin ara rẹ̀ lórí òkú yín, ni àbúrò mi obìnrin sọ fún mi pé láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ ti ń bèèrè èsì ìbò lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Tíṣà ńlá! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo ṣì í gbọ́.

Ìdáhùn yín rèé. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ló gba àga jù. Àwọn àgbà aṣòfin tí sójà yàn dí wọn lọ́nà, ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì bá lọ da ọwọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́, wọ́n sì di ìjọba. Àwọn onímọ̀ orí rédíò fi gírámà gígùn ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi dojú rú. Tiyín ìbá kúrú. Mo gbìyànjú láti gbọ́ ọ ní ohùn yín, n kò gbọ́.

Ẹni tó wọlé kọ́ ni wọ́n jẹ́ kó wọlé, Bàbá. Èmi náà, tí mo ní èmi ni, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó dáhùn.