Adébùsọ́lá Ń Kọ́ Bí A Ti Ń Bi Àgbà Léèrè

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin, 1986
Ìròyìn ẹbí wa: ìyàwó Olúṣẹ́gun bí obìnrin ní Ayépé. Ti Frederick bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì. Susannah ti wọ ilé ọkọ ní Ìmùṣin. Ọpẹ́ ni. Èmi Matilda ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ — kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ṣeun.
Adébùsọ́lá, ọmọ Ernest ọmọ mi, ti yunifásítì dé fún ìsinmi. Iṣẹ́ wẹ́fíà ló ń kọ́, ti àwọn tó ń ran ìdílé tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò dán.

Ọjọ́ Ajé, 7
Ó tú ọ̀rọ̀ náà nídìí ọbẹ̀. Ní kíláàsì wọn, wọn kì í kàn jókòó da ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ. Ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é. Ẹnì kan á di bàbá tó mú ọmọ kúrò níléèwé, ẹnì kan á di òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó wá bá a sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa wò, wọ́n á sọ ibi tó kù sí. Ó kan Bùsọ́ mi láti ṣe òṣìṣẹ́. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló ṣe bàbá, ó fi òwú ṣe irùngbọ̀n. Bùsọ́ kúnlẹ̀ fún un. Irùngbọ̀n-Òwú ní òun kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Bùsọ́ ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó dìde, ó jáde. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní kó tún un ṣe bí wọ́n bá wọlé padà. Bí kò bá yege, kó lọ wá ẹ̀kọ́ mìíràn.
Ọmọ tí a kọ́ ni. Ta ní í kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú láti máa bi àgbà ní ọ̀rọ̀ inú?

Ọjọ́rú, 9
Ernest ti gbọ́, ó ránṣẹ́ láti Èkó. Òun kò sanwó kí ọmọ òun lọ máa ṣeré orí ìtàgé. Òun ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta, kí Bùsọ́ kó ẹrù, kó wá kọ́ṣẹ́ tísà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjagun.
Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ọjọ́bọ̀, 10
Mo mú un lọ sí kíláàsì wa nírọ̀lẹ́. Kúbúrátù ọlọ́ṣẹ, tí a jọ ń kàwé, ní òun ni yóò ṣe bàbá. Ó wé gèlè bíi fìlà, ó ya ẹsẹ̀. "Kí lo wá ṣe nílé mi?" Bùsọ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Kúbúrátù ní, "O tún ti balẹ̀. Ṣé owó lo sọ nù síbẹ̀ ni?"
Lẹ́ẹ̀kejì, Bùsọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba bàbá nímọ̀ràn láìdánu dúró. Kúbúrátù ní, "Lèmọ́mù wa pàápàá máa ń mí."
Mo ní kó kúnlẹ̀, kó kí i, ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà kó tọrọ ìjókòó, kó bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó sì pa ẹnu mọ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bùsọ́ ní bí olùkọ́ òun ti wí náà nìyẹn, ṣíṣe ẹ̀ ló le.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
A tún un ṣe. Ẹsẹ̀ ń dun Kúbúrátù — ó ní ká tún un ṣe sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Ernest dé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i." Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò rọrùn.
Bùsọ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó tọrọ ìjókòó. Ó gbé àpótí sún mọ́ ọn. "Dádì, kí ló ń bà yín lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí?"
"Ẹ̀rù wo?"
Bùsọ́ pa ẹnu mọ́ bí a ti kọ́ ọ. Ó ń wo bàbá rẹ̀. Mo di etí ìró mi mú kí n má baà sọ̀rọ̀.
Nígbà tó pẹ́, Ernest ní, "Ilé ọ̀mùtí. Ilé ẹni tó ń lu ìyàwó. Ibẹ̀ ni wọ́n máa rán ọ lọ. Bí wọ́n bá ṣe ọ́ léṣe ńkọ́?"
Ọ̀rọ̀ ìtàgé kọ́ rárá.
Bùsọ́ kò jiyàn. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní kíláàsì kí wọ́n tó wọ ilé ẹnikẹ́ni.
Ernest jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀. Bó bá yege, òun á san owó ilé àti oúnjẹ. Bí kò bá yege, Ìjagun. Òun nìkan ló padà lọ, Bùsọ́ kò kẹ́rù.

Ọjọ́ Ẹtì, 25
Lẹ́tà Bùsọ́ dé, èmi ni mo kà á. Ó yege. Irùngbọ̀n-Òwú sọ ju ohun tí wọ́n ní kó sọ lọ. Wọ́n ti fún Bùsọ́ ní ìdílé gidi kan láti máa bẹ̀ wò, ibẹ̀ jìnnà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lè bá a lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lówó ọkọ̀. Ernest mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni kò sí níbẹ̀.
Bùsọ́ kò ní dá wọ ilé onílé. Mo ń fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, àlọ àtàbọ̀, títí sáà yóò fi parí: ọgọ́ta náírà.