Àpò Mẹ́jọ Tí Bàálé Wa Jókòó Lé

Èmi ni mo kó àwọn àpò náà. Kì í ṣe Kónán. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí láti ọjọ́ mọ́kànlá ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún... Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ò mọ̀ mí, mi ò sì ní sọ orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ìlú Bùàké ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ni mò ń gbé, abọ́ tánganran ni mò ń tà. Ìwé ìròyìn yín ni wọ́n fi ń wé abọ́ nínú ẹrù tó ń ti ilé bọ̀. Bí mo bá ti tú abọ́ tán, màá fi ọwọ́ tẹ́ ìwé náà, màá kà á, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i pé ẹ máa ń gba ẹni tó ní ẹrù lọ́kàn nímọ̀ràn. Ó dáa. Ẹ wá gba èmi náà. Ṣùgbọ́n mò ń sọ fún yín ṣáájú pé ẹkún kọ́ ni mo gbé wá, inú ló ń bí mi, inú sì ń bí mi sí ènìyàn tó pọ̀.

Ìsọ̀ méje ni àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní lójú ọ̀nà kan ní àdúgbò Kọmẹ́ẹ̀sì. Bàálé wa, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ìlú yìí nínú ìdílé wa, tiẹ̀ ló wà lókè, ilẹ̀kùn mẹ́ta, ìdì aṣọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Tèmi ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi tí àwọn òyìnbó gbẹ́ tí wọn kì í sì í kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, kòtò yẹn ni yóò kọ́kọ́ kún, yóò dà sọ́dọ̀ mi, ẹ̀yìn ìyẹn ni omi yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gun òkè lọ bá àwọn yòókù. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi abọ́ tánganran gbọ́n omi nínú ìsọ̀ tánganran. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ajá àdúgbò pàápàá mọ̀, torí ó ti kúrò níwájú ìsọ̀ mi lọ sùn lókè.

Lọ́dọọdún, kí òjò ńlá tó dé, a máa ń fi àpò dí omi. Àpò iyọ̀ tó ti ṣófo ni. A ó bu iyanrìn sí i dé ìdajì, a ó rán ẹnu rẹ̀, a ó tò ó léra wọn síwájú ìsọ̀, bí òjò bá sì kásẹ̀ nílẹ̀ a ó tú u. Kálukú ló ń kun àmì tirẹ̀ sára àpò, àmì kan náà tí a fi ń dá ẹrù wa mọ̀ tó bá dé nínú tẹrẹ̀ǹ, ọkọ̀ ojú irin. Ti Bàálé, ọ̀dà dúdú ni, òṣùpá kan àti ìlà méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì yẹn sọ́kàn.

Ibi tí ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí o. Nínú ilé wa, ọ̀dọ̀ àgbà ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹran Iléyá, ọ̀dọ̀ àgbà. Omi ìwẹ̀, ọ̀dọ̀ àgbà. Mi ò bá ìyẹn jà, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé omi kòtò mọ àgbà ni? Ta ló sọ fún òjò pé Bàálé ló kọ́kọ́ dé Bùàké? Ní ọjọ́ Àlàmísì tí a fẹ́ dí omi, iwájú ìsọ̀ Bàálé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀... òkè, ibi tí omi ń dé kẹ́yìn! Wọ́n tò ó ní ìlọ́po méjì, ó ga dé àyà ọkùnrin. Wọ́n bọ́ sí ti ẹni tó tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí, wọ́n tún tò ó. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín àti àwàdà, èmi dúró nísàlẹ̀, mò ń wo iyanrìn bó ṣe ń tán.

Kónán ni alágbàṣe tó ń bu iyanrìn náà. Ọkùnrin Baúlé ni, ọmọ onílẹ̀ níhìn-ín, láti ọ̀nà Bótírò, ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Òun nìkan ló la ẹnu lọ́jọ́ náà. Ó fi èdè Jùlá tí gbogbo wa fi ń nájà níhìn-ín sọ fún Bàálé pé ìsàlẹ̀ ni omi ti ń wọlé, pé tí a bá dí ẹnu kòtò lọ́dọ̀ èmi, gbogbo àwọn tó wà lókè yóò sùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ọkùnrin wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ará oko ló fẹ́ kọ́ àwa Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níhìn-ín, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà? Mo sọ pé òótọ́ ló ń sọ. Bàálé kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ mi ló wò mí, ojú tó fi ń sọ pé kí n dákẹ́... ọkọ mi tó jẹ́ pé nínú abọ́ tí mò ń tà ló ti ń jẹun! Nígbà tí wọ́n fi kan ìsọ̀ mi, iyanrìn ti tán. Bàálé ní kí n má ṣèyọnu, pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́, wọn ó ṣe tèmi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́fà ló wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ń wo orí ọmọ bó ṣe ń wọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo ọkùnrin ti lọ sí mọ́sáláṣí. Òjò ṣú. Irú ṣíṣú dúdú yẹn tí adìẹ ń wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Àpò mẹ́fà péré ni èmi ní, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi bu erùpẹ̀ sí. Mo tò ó sẹ́nu ọ̀nà, kò kọjá orúnkún mi. Mo wo òkè, mo rí odi Bàálé, ìlọ́po méjì, ó dúró bí odi ìlú, ó ń ṣọ́ ibi tí omi kò tíì dé... nǹkan kan bá já nínú mi. Mo gòkè lọ. Mo wọ́ àpò kan láti igun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kẹta, ibi tí ènìyàn kì í tètè rí, mo wọ́ ọ délẹ̀. Mo padà lọ. Mo wọ́ méje báyìí. Èyí tó ṣìkẹjọ wúwo, mo ń fà á, kò mì. Mo gbójú sókè, mo rí Kónán. Ó dúró, ọkọ́ wà ní èjìká rẹ̀. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó gbé àpò náà, ó bá mi tò ó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àpò náà, mo yí àmì wọn síhà ògiri, gbogbo rẹ̀, kí ó má ṣeé rí.

Òjò yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Lọ́dọ̀ mi, omi ga dé itan. Àpò mẹ́rìnlá dì í mú, abọ́ mi kan kò tutù. Ṣùgbọ́n lókè, bí ọrùn ẹsẹ̀ péré ni omi ga, ó rí àlàfo tí mo ṣí sílẹ̀ ní igun, ó gba ibẹ̀ wọlé, ó sì bá ìdì aṣọ Bàálé nílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí ó gbẹ́kẹ̀ lé odi rẹ̀, kò gbé ohunkóhun sórí pákó. Gbogbo ìdì tó wà nísàlẹ̀ ló mu ẹrẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti mọ́sáláṣí dé, Bàálé dúró nínú omi, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo kí i kú ìrọ́jú, mo kí i kú àdánù. Àánú rẹ̀ ṣe mí fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí náà, ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n rí i pé àpò dín ní igun. Wọ́n ronú, wọ́n ronú, wọ́n ní ta ló sọ lánàá pé ìlànà wa kò dára? Kónán. Ta ni a fi rẹ́rìn-ín? Kónán. Àbí òun ló kó àpò dà nù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ṣẹ! Bí wọ́n ṣe dá a lẹ́jọ́ nìyẹn. Bàálé mọ ògbufọ̀ kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú yìí, ó lọ bá ògbufọ̀ náà, nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, àwọn gáàdì ti mú Kónán. Níhìn-ín, kọ̀máńdà lè ti ọmọ ilẹ̀ mọ́lé láìsí ẹjọ́ kankan, ẹ má bi mí pé báwo. Wọ́n wá ń kó àwọn ọkùnrin lọ ṣiṣẹ́ tipátipá nínú oko àwọn òyìnbó nísàlẹ̀ etíkun, wọ́n sì ti kọ orúkọ Kónán mọ́ wọn. Ẹni tó lọ síbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tètè dé, àwọn kan kì í sì í dé rárá. Wọ́n bi í léèrè, wọ́n nà án, wọ́n tún bi í. Kò dárúkọ mi. Kí ló dé tí kò dárúkọ mi? Kí ni mo ṣe fún un? Mo ń bínú sí òun náà, ẹ gbọ́, mo ń bínú sí i! Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti bọ́ lọ́rùn mi. Àti pé bó tilẹ̀ sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí wọn yóò sọ fún un, wọn yóò ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ yà mí ní wèrè ni ti àná. Èmi ni akọ̀wé ilé wa, torí mo lọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì fún ọdún mẹ́rin kí n tó fẹ́ Mùsùlùmí. Gbogbo lẹ́tà tó ń lọ sílé, ọwọ́ mi ló ti ń jáde. Bàálé wá sí ìsọ̀ mi kí n bá òun kọ̀wé sí àwọn ẹbí nípa àdánù náà. Mo fẹ́ gbé àpótí fún un, ó ní rárá, kí n fi sílẹ̀, ó jókòó lórí àpò. Orí àpò rẹ̀! Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì lu àpò pẹ́pẹ́, ó ní mo gbọ́n bí mo ṣe tètè dí tèmi, pé obìnrin tó mọ nǹkan-án ṣe ni mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí pè é, mo ń kọ ọ́. "Kọ ọ́ pé Ọlọ́run ti tú àṣírí olè náà, Baúlé kan ni." Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́, ó tilẹ̀ gún régé. Òṣùpá àti ìlà méjì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò ju ìka mẹ́ta lọ sí gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó Kónán sì ń wá. Àràárọ̀ ló ń gbé iṣu kan wá fún mi, kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ohun kan náà ló máa ń sọ ní Jùlá, pé ọkọ òun ní kí òun kí mi. Yóò kúnlẹ̀, yóò gbéra, yóò lọ. Ṣé ó ń kí mi ni, àbí ó ń rán mi létí? Iṣu mẹ́wàá ló wà lábẹ́ pẹpẹ mi báyìí. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò lè dà á nù.

Bí mo bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Bàálé ti búra níwájú gbogbo wa pé bó bá jẹ́ ọmọ ilé ló ṣe é, ọkọ̀ akẹ́rù kàmíyọ̀n tó ń bọ̀ ni yóò gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí sínú ilé yìí, àbíkẹ́yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, nínú ilé wa ọmọ kì í sì í bá ìyá lọ. Ọkọ mi kò ní sọ nǹkan kan, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kí n pàdánù ọmọ mẹ́ta nítorí àpò iyanrìn tí ìbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ká ní wọ́n ní làákàyè? Mi ò kábàámọ̀ pé mo kó o. Bí òjò bá tún ṣú lọ́la, màá tún kó o. Kónán nìkan ni... Kónán nìkan ló dùn mí.

Ọjọ́ Àtàláátà ni mò ń kọ èyí. Ẹni tó ń lọ sílé yóò gbéra lọ́la, lẹ́tà méjì ni n ó fi rán an, ti Bàálé sí ẹbí, tèmi sí yín. Tẹrẹ̀ǹ tó ń kó àwọn ọkùnrin lọ sí etíkun, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo kàwé, mo mọ ọjọ́ kà. Mo mọ̀ pé kí lẹ́tà yìí tó kúrò lójú ọ̀nà, Kónán ti lọ. Ṣé torí ẹ̀ náà ni mo fi ń bi yín, kí n lè sọ pé mò ń dúró de èsì? Ẹ wò ó, mi ò mọ̀ mọ́.

Àwọn àpò náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Bàálé ní òun yóò padà wá nírọ̀lẹ́ kí n ka lẹ́tà náà sétí òun kí ó tó lọ. Yóò tún jókòó sí ibi tó jókòó sí. Àpò òkè kò wúwo jù, mo lè dá a yí kí ó tó dé, kí òṣùpá náà kọjú síta. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rí ọkàn... ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó yí i?