Ebi Tí Kò Pa Bísí

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú u. Àwọn ará ìjọ wa ní Jàpàrà sì rèé, àdúrà ni wọ́n fi máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ṣì ń rántí bí ẹ ṣe máa ń fi eyín já òwú tí ẹ bá ń rán sùtánà àwọn ará ìjọ, tí ẹ óò sì máa fi ẹsẹ̀ kan wá bàtà yín kiri lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí ẹ bá se ìkòkorè, òórùn ẹja àti epo á gba títì kan. Ẹ óò bù fún èmi àti àbúrò mi Bísí, ẹ óò bu tiyín, ẹ óò jẹ ṣíbí méjì mẹ́ta, ẹ óò sì ti àwo sọ́dọ̀ wa. Ẹ ti yó nìyẹn. À á wá máa du ẹja inú rẹ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́, inú wa á sì máa dùn. Ọmọ wo ló máa bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tó fi yó?

Àwọn ará ìjọ náà ò béèrè. Orúkọ ni wọ́n fún yín, Ìyá Aláàwẹ̀. Ààwẹ̀ tí kò ní omi nínú, tí àwọn ọkùnrin á ti máa fi ara ti ògiri, ẹ̀yin á dúró ṣáṣá níwájú pẹpẹ. Tí wọ́n bá ṣínu, ààbọ̀ ife ògì ti tó yín. Wòólì pè é ní oore-ọ̀fẹ́, ẹ̀yin náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run yín, ẹ ní ọgbẹ́ inú ni, pé gbogbo aláàwẹ̀ ló máa ń ní in. A gbé yín lọ sí ọsibítù, wọ́n yàwòrán inú yín, wọn ò rí kókó kankan. A dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, Mọ́mì. A pa adìẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, kò sí ibi tí kò dé nínú yín mọ́.

Mo ti mọ ìdí tí wọn ò fi rí kókó. Inú ń run mí díẹ̀díẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo bá lọ rí dókítà. Kò tíì fọwọ́ kàn mí tó fi béèrè ohun tó pa yín, àti ohun tó pa ìyá yín. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé fún mi. Ohun kan wà lára púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ara wa, purotéènì ni, kádíhérìn ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń di sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, òun náà ló sì ń ránṣẹ́ sínú pé ibí ti kún, má pọ̀ sí i mọ́, dúró sí àyè rẹ. Mo rò ó bí òwú yín tó ń so etí aṣọ méjì pọ̀. Nínú ìdílé yín, wọ́n máa ń bí àwọn kan tí ara wọn ò lè ṣe kádíhérìn yìí dáadáa. Tó bá yá, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú àpò oúnjẹ wọn á tú lára ara wọn, wọ́n á máa yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í gbárajọ di kókó. Àpò oúnjẹ náà á wá le, kò ní lè fẹ̀ mọ́, èèyàn á jẹ ṣíbí méjì, á yó.

Ìyáàgbà wa ní Makun-Omi náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa wọ́n. Ẹ sì rántí pé orogún wọn ni gbogbo ẹbí ní ó fún wọn ní májèlé jẹ. Títí ẹ fi kú, ẹ ò jẹ́ ká mu omi nílé obìnrin yẹn. Ẹ̀yìnkùlé la máa ń gbà lọ sétí omi kó má baà kí wa. Kò sí májèlé kankan, Mọ́mì. Òun náà ti kú. Ta ni kí n wá lọ bẹ̀ báyìí?

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun. Àbùkù náà wà lára mi, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa yọ gbogbo àpò oúnjẹ mi kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á so ọ̀nà ọ̀fun mọ́ ìfun. Wọ́n ní èèyàn lè wà láàyè láìní in. Díẹ̀díẹ̀ ni n ó máa jẹun láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò sì gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́ láyé mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó wù mí kí ẹ wà níbẹ̀ kí ẹ di ọwọ́ mi mú. Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Èwo nínú wọn ni mo ti fún?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ Bísí ni. Lẹ́yìn ikú yín, òun ni wọ́n fi sípò yín láàárín àwọn obìnrin aláàwẹ̀. Wọn ò jẹ́ fi èmi sí i, ẹ ṣáà mọ̀ mí, ebi á ti máa pa mí kí wọ́n tó ṣe àmín àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ ìṣínu kan, mo jókòó tì í. Ó mu ṣíbí ògì díẹ̀, ó ti ife sẹ́yìn. Ó ti yó. Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Ìyá Aláàwẹ̀ ti jí dìde. Mo ti gbọ́ àlàyé dókítà nígbà náà. Mo dìde láàárín gbogbo èèyàn, mo ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ mọ́. Wọ́n rò pé mò ń jowú rẹ̀ ni, Bísí náà sì rò bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ rí dókítà. Láràárọ̀ ni mò ń ti ilé mi ní Àgọ́-Ìwòyè lọ sílé rẹ̀ ní Jàpàrà kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo bú u, mo sunkún, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní, Àǹtí mi, ohun kan ṣoṣo tí mo jogún lọ́dọ̀ Mọ́mì nìyí, ẹ tún fẹ́ fi dókítà gbà á lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ló sọ, ó jogún rẹ̀.

Ìgbà tí sùtánà ò dúró léjìká rẹ̀ mọ́ ló tó gbà. Wọ́n ti kámẹ́rà kékeré kan bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ sínú, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ti fọ́n ká, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi ti pẹ́ jù fún un. Inú ń bí mi sí ìjọ. Inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ò ṣe ohun tó burú.

Ilé mi ni Bísí wà báyìí, lórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa la inú mi. Láràárọ̀ tí mo bá gbé ògì wọlé, á yí ojú sí ògiri, á sọ fún mi pé òun ń gbààwẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ mi, kí n jọ̀ọ́ kí n gbé e lọ. Oúnjẹ ò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Mo mọ̀, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀. Mo máa ń ṣe àmín. Mo máa ń gbé ife náà padà sí kíṣìnì, n ó dúró níbẹ̀, n ó mu ún tán, nítorí dókítà ní kí n sanra díẹ̀ kí wọ́n tó là mí.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.