Igun Àtẹ̀gùn Tí Mo Máa Ń Fi Sílẹ̀

Màmá mi, ẹ kú àárò mi o. Ara mi le, Stuttgart ti mọ́ mi lára.

Ní Jámánì níbí, àwa ayálégbé là ń gbá àtẹ̀gùn, ẹnì kan lọ́sẹ̀ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kàn mí, mo gbàgbé igun kan, Màmá Eberle tó ń gbé nísàlẹ̀ wá kanlẹ̀kùn: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé igun yẹn ò sí lára ilé ni?" Wọ́n dúró tì mí títí mo fi gbá a tán, wọ́n ń ròyìn olóògbé ọkọ wọn fún mi. Nítorí náà, ẹ má sọ pé mi ò lálejò.

Mo ti mọ̀ ọ́n gbá dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n mo máa ń fi igun yẹn sílẹ̀ ni.

Òní ló tún kàn mí. Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ jẹ́ n dákẹ́ síbí, Màmá Eberle ti ń kanlẹ̀kùn.

Fadérera yín.